Kí A Tó Fi Owó Ìrànwọ́ Ẹgbẹ́ Ṣe Lésà Ojú

  

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo gbé wá lóṣù yìí. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwa ọlọ́jà náà, ojú la fi ń ṣọ́ ọjà. Ẹni tí kò bá ríran dáadáa, á gba ayédèrú owó, á fún oníbàárà ní ẹgbẹ̀rún kan náírà dípò ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sì ní rí déètì tó wà lára agolo mílíìkì tó ń tà. Bí ojú bá ṣe bàìbàì, ọjà náà á ṣe bàìbàì.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni àbá tó jáde ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti inú àpò ìrànwọ́, kí wọ́n fi lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lésà, ìyẹn èyí tí èèyàn ń ṣe tí á fi bọ́ jígí kúrò lójú. Wọ́n ti rí ìpolówó rẹ̀ lórí fóònù. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní idán òyìnbó ni, ká má fi owó ẹgbẹ́ ta tẹ́tẹ́. Ìyá wa alága ní ká lọ rò ó, ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò lé e lórí.

Èmi ti rò ó. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì ti kà nípa rẹ̀. Èrò tèmi nìyí: lésà yìí kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe jìbìtì. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni oògùn ohun tó ń ṣe ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Àyẹ̀wò ojú ló yẹ kí àpò ìrànwọ́ wa kọ́kọ́ san owó rẹ̀.

KÍ NI IṢẸ́ YÌÍ GAN-AN?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé, nítorí a kì í dìbò lé ohun tí a ò mọ̀. Iwájú ẹyinjú wa ní awọ kan tó mọ́ gaara bíi jígí aago ọwọ́. Kọ́níà ni àwọn dókítà ń pè é. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ó bá tẹ̀ bó ṣe yẹ, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí ibi tó yẹ lẹ́yìn ojú, a ó sì ríran kedere. Bí títẹ̀ rẹ̀ kò bá bá gígùn ẹyinjú mu, tàbí tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan á máa rí bàìbàì. Jígí ń tún ìmọ́lẹ̀ darí kó tó wọ ojú. Lésà ní tiẹ̀ ń tún kọ́níà fúnra rẹ̀ gbẹ́.

Lésà náà, irú ìmọ́lẹ̀ kan ni, ojú wa kò lè rí i. Ó ń bó kọ́níà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láì jó ibi tó kù. Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, ọkùnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Rangaswamy Srinivasan, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, gbé àjẹkù tòlótòló ọdún dání lọ síbi iṣẹ́. Ó tan lésà náà sí i lára. Ó gé ẹran náà mọ́ tónítóní, etí ibi tó gé kò sì jó rárá. Ní 1983, Dókítà Stephen Trokel bá a gbìyànjú rẹ̀ lójú màlúù. Lẹ́yìn náà ló wá kan ojú èèyàn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1990, Ioannis Pallikaris, dókítà ará Gíríìsì, ti mú èyí tí wọ́n ń pè ní LASIK jáde. Wọ́n á kán oògùn sí ojú kó má baà mọ ìrora, wọ́n á la awọ fẹ́lẹ́ kan níwájú kọ́níà, wọ́n á ṣí i bí èèyàn ṣe ń ṣí ìwé, lésà á ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá awọ náà padà. Kò sí pé à ń rán an. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún ojú kan.

Èyí tí wọ́n ń polówó pé ó dára jù ni wọ́n ń pè ní wavefront. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà létí ọ̀sà ní Bàrígà, ẹ mọ bí ìgbì ṣe máa ń tò wá lẹ́sẹẹsẹ. Bó bá kan òpó tàbí ọkọ̀, ìlà rẹ̀ á wọ́. Ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn bí ìgbì. Ẹ̀rọ á rán ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ojú, ìmọ́lẹ̀ náà á kan ẹ̀yìn ojú, á sì padà jáde. Kọ̀ǹpútà á wo bí ìgbì tó ń jáde bọ̀ ṣe wọ́ níbí àti lọ́hùn-ún, á ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n á sì fi darí lésà.

Ẹ fi wé aṣọ. Jígí tí wọ́n ń kọ fún wa dà bí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ní sáìsì sáìsì: ó lè gbà ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara tìẹ gan-an ni wọ́n wọ̀n. Wavefront dà bíi télọ̀ tó fi téèpù wọn èjìká, tó wọn àyà, tó wọn ìbàdí, tó tún wo èjìká tó ga ju èkejì lọ. Àwọn àléébù kéékèèké kan wà nínú ojú tí jígí kò lè tún ṣe, irú èyí tó ń mú kí iná mọ́tò máa fọ́n ká lójú èèyàn lóru. Irú wọn ni ẹ̀rọ yìí lè wọ̀n.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ni ọgbọ́n wíwọ̀n yìí ti wá. Johannes Hartmann ní Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1900, láti fi yẹ awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run wò. Roland Shack ní Amẹ́ríkà tún un ṣe ní 1971. Ní 1994, àwọn kan ní Heidelberg, ní Jámánì, fi wọn ojú èèyàn. Ní 1999, Dókítà Theo Seiler fi darí lésà lójú aláìsàn, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2002. Ẹ wò ó, ohun tó lé ní ogún ọdún kì í ṣe àrà tuntun mọ́.

Ní Èkó níbí náà, ilé-ìwòsàn ojú aládàáni wà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ lésà. Eye Foundation Hospital n'Ìkejà, tí Dókítà Kúnlé Hassan dá sílẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó ní kò sí ní Nàìjíríà, kò tíì béèrè ni.

TA LÓ WÀ FÚN?

Ọ̀rọ̀ wá kù síbí yìí. Ọ̀dọ́ tó ti lé ní ọdún 18, tí nọ́ńbà jígí rẹ̀ kò yí padà mọ́ fún ọdún kan ó kéré tán, tí ojú rẹ̀ kò ní àìsàn, tí kọ́níà rẹ̀ nípọn tó, irú wọn ló wà fún. Kò wà fún aláboyún tàbí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, nítorí ojú wọn lè máa yí padà lákòókò náà. Kò wà fún ẹni tí kọ́níà rẹ̀ ń tín-ín-rín tó ń yọ gọngọ síwájú. Ṣe ni yóò tún bà á jẹ́ sí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń gbẹ, kó ṣọ́ra, nítorí gbígbẹ ojú wà lára ohun tí iṣẹ́ abẹ náà ń fà. Àwọn kan tún máa ń rí òrùka yí iná ká lóru lẹ́yìn rẹ̀. Wavefront dín èyí kù, kò pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ta ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ yìí? Àwa tá a ti lé ní 40 ni. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: a ò rí ìlà abẹ́rẹ́ fi okùn sí mọ́, a máa na fóònù jìnnà ká tó lè kà á. Kì í ṣe kọ́níà ló fa ìyẹn. Lẹ́ńsì tó wà nínú ojú lọ́hùn-ún ló ti le, kò lè tẹ̀ mọ́ bíi ti ìgbà èwe. Lésà orí kọ́níà kò sọ lẹ́ńsì yẹn di ọmọdé padà. Kódà ọmọ tó ṣe é ní ọdún 25, bó bá kọjá 40, jígí ìkàwé á tún kàn án. Àwọn dókítà kan máa ń ṣe ojú kan fún ọ̀kánkán, èkejì fún ìtòsí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń bá lára mu. Jígí ìkàwé tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún wa.

Láàárín 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn tó lé ní 13,000 wò káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè ni gbogbo wọn. Nínú 100 wọn, ó tó 4 tó ti fọ́jú. Nínú 100 àwọn tó fọ́jú, kataráàtì ló fa ti 43, ìyẹn èyí tí lẹ́ńsì inú ojú ń ṣú tó ń di funfun. Glaucoma fa ti bíi 17. Àwọn tí kò fọ́jú ṣùgbọ́n tí wọn kò ríran dáadáa ńkọ́? Ó lé ní ìdajì, 57 nínú 100, tó jẹ́ pé jígí tó bá ojú wọn mu lásán ni wọn kò ní. Ẹ tún un gbọ́: jígí lásán.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kataráàtì ni o, glaucoma ni o, lésà tó ń bọ́ jígí kò wo ọ̀kankan sàn. Kataráàtì, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni: wọ́n á yọ lẹ́ńsì tó ti ṣú, wọ́n á fi tuntun sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tì í fún yín o, àwọn tó ń kiri kiri tó ń ti lẹ́ńsì ṣubú sínú ojú. Nínú àyẹ̀wò tí mo sọ yẹn, ó lé ní 40 nínú 100 ojú tí wọ́n ti wo kataráàtì rẹ̀ tó jẹ́ irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀pọ̀ ojú ló sì ti bà jẹ́ nípasẹ̀ rẹ̀.

GBOGBO LÉSÀ KỌ́ NI LÉSÀ YÌÍ

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Orúkọ kan náà ni lésà, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Lésà kan wà tí wọ́n fi ń tọ́jú glaucoma, kí omi inú ojú lè ráyè ṣàn jáde. Òmíràn wà fún ẹ̀yìn ojú ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bà lójú jẹ́. Òmíràn tún wà tí wọ́n fi ń nu bàìbàì tó bá padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kataráàtì. Àwọn wọ̀nyí, ìtọ́jú àìsàn ni. Bí dókítà bá ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣe ọ̀kan nínú wọn, kí ojú rẹ̀ má baà fọ́, ìyẹn ni kí àpò ìrànwọ́ ṣí láì jáfara. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kàn sọ pé "lésà ojú," èyí wo nínú wọn? Àfi ká béèrè.

Glaucoma yìí ló ń dẹ́rù bà mí jù. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kì í dun èèyàn, kì í pọ́n, kì í yún. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ wá sí àárín díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé èèyàn á ṣì máa ka owó, á ṣì máa ríran síwájú, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ṣókùnkùn. Ohun tó bá ti jẹ, kò sí dókítà tó lè dá a padà. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù, ó máa ń tètè mú wa, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí: bí ìyá bá ní in, kí ọmọ lọ yẹ ojú wò. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn tàbí lésà tirẹ̀ tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá a dúró. Kí ọ̀nà abẹ́rẹ́ tó dí, ẹ jẹ́ ká fi okùn sí i.

Ìdí nìyí tí jígí ìkàwé tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní Bàjùláyé kò fi tó. Ó dára fún kíkà, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n alájígí kò lè wo ẹ̀yìn ojú. Èèyàn á rà á, á rí i pé òun ń kàwé, á rò pé ojú òun ti dá, bẹ́ẹ̀ olè ti wà nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa náà tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yan ẹja létí omi ní Bàrígà, èéfín ti gbẹ ojú yín tó. Ẹ̀yin oníata, oníyẹ̀fun, onísìmẹ́ńtì, ẹ wo eruku. Ẹni tó bá ṣe lésà yìí gbọ́dọ̀ yàgò fún èéfín àti eruku, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra ojú, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi ta sí i, títí dókítà yóò fi ní ó tó. Ta ni yóò bá a jókòó tì ọjà lákòókò náà? Owó yẹn náà, ẹ kà á mọ́ owó iṣẹ́ abẹ.

ÀWỌN TÓ NÍ ÀBÁ NÁÀ KÒ JẸ̀BI

Mi ò fẹ́ ká bú àwọn tó mú àbá yìí wá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbé jígí nípọn bí ìdí ìgò, tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lójú títì, ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, níbi tí a ti ń tẹ ìwé yìí gan-an, lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n ń tẹjú mọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Jígí ń fọ́, ó ń sọnù, ó ń rọ̀ nínú òógùn. Bí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yẹ fún lésà, tí ó sì ní agbára rẹ̀, kó ṣe é. Kó dá àjọ, kó gba owó àjọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn, dọ́là ni wọ́n fi rà á, owó rẹ̀ wúwo. Owó tí a fi bọ́ jígí lójú ẹnì kan lè ra jígí fún ogunlọ́gọ̀. A kì í fi ìlú tí ń jó sílẹ̀ lọ máa lé eku.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A DÌBÒ FÚN

Èkíní, kí àpò ìrànwọ́ san owó àyẹ̀wò ojú lọ́dọọdún fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ti pé 40. Àyẹ̀wò gidi ni o: kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú, kì í ṣe kíka lẹ́tà ara ògiri nìkan.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ra jígí fún ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ fún tí kò lágbára.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn aṣojú wa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí wọ́n béèrè ètò ọ̀fẹ́. Gbogbo wa la rántí Jígí Bọ́lá nígbà Gómìnà Tinúbú, láàárín 1999 sí 2007, tí wọ́n ń yẹ ojú wò, tí wọ́n ń pín jígí. Ìjọba Sanwó-Olú náà ti tún un gbé dìde ní 2024. Ẹni tí kò bá béèrè, wọn ò ní mọ̀ pé ó ń fẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ bá le, Guinness Eye Centre wà ní LUTH n'Ídí-Àràbà, kò jìnnà sí wa.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ṣe lésà tó ń bọ́ jígí, kó kọ́kọ́ mú ìwé dókítà ojú méjì wá, kì í ṣe ti ilé-ìwòsàn tó fẹ́ ṣe é nìkan. Kó sì bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí: Ṣé kọ́níà mi nípọn tó? Ṣé ojú mi kì í gbẹ? Ṣé ẹ ti yẹ̀ mí wò fún glaucoma àti kataráàtì? Jígí ìkàwé ńkọ́, ṣé máa ṣì lò ó? Bí kò bá dára tó lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò tún un ṣe, èló sì ni? Dókítà tó bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ dìde ńbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹgbẹ́ ló ni owó náà, kì í ṣe akọ̀wé. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi, kó wá sọ ọ́ nípàdé, ẹnu ò ní gbé wa níjà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wa wá o, kí ìbò má di ti èèyàn mẹ́wàá. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá ti pé 40 tí kò tíì yẹ ojú wò rí, kó má dúró de ìbò.

Ojú wa ò ní fọ́ o. A ò ní ta ọjà wa fún òkùnkùn.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́